Ìṣirò ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ìbò ló ń sọ ìgbà tó máa jáde: bí òṣèlú ṣe ń darí ètò ọrọ̀ ajé wa

Tẹ́ ẹ bá wọ màíkírà láti Ìwó Road lọ sí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn lásìkò yìí, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ epo á fi délẹ̀, dírẹ́bà á ní bí epo ṣe wọ́n ló jẹ́ kí òun fi kún owó ọkọ̀, ẹni tó jókòó níwájú á ní dọ́là ló fà á, ìyá tó wà lẹ́yìn á ní àwọn tó wà l'Ábújá ni ò ní àánú lójú. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Àmọ́ nǹkan kan wà tá a kì í tẹnu mọ́ tó: ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn tó mọ ìṣirò ọrọ̀ ajé kọ́ ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n á ti ṣe ìṣirò ọ̀hún tipẹ́, á ti wà nínú fáìlì fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, gbogbo ìjọba tó bá dé ló máa kà á, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e jáde, àti ẹni tí wọ́n máa gbé ẹrù ẹ̀ lé lórí, òṣèlú ló ń sọ ìyẹn. Tá ò bá mọ èyí, gbogbo ìgbà làwọn nǹkan yìí á máa bá wa lójijì, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ohun òjijì rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí epo bẹntiróòlù bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ ló ti hàn jù. Owó ìrànwọ́ orí epo, ìyẹn sọ́bsídì, ó ti wà láti àwọn ọdún 1970 nígbà ìjọba ológun. Ohun tó jẹ́ ò ju pé ìjọba ń bá wa san lára owó epo, kí iye tó tó gan-an má baà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ń pariwo pé owó yẹn ń gbẹ àpò ìjọba, pé ẹni tó ní mọ́tò mẹ́rin nílé ló ń jẹ ẹ́ ju ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò lọ, pé àwọn kan ń kó epo náà gba ẹnubodè kọjá lọ tà níbi tó ti lówó lórí. Kò síjọba tí ò gbọ́. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi gbígbọ́ ṣe, kẹ́ ẹ sì máa wo ọjọ́ ìbò bá a ṣe ń lọ.

Ìbò ààrẹ wáyé ní April 2011, Goodluck Jonathan wọlé. Ọjọ́ kìíní ọdún 2012, wọ́n yọ sọ́bsídì, lítà kan tó jẹ́ ₦65 fò di ₦141 láàárín òru kan. Ìbò tó kàn ṣì jìnnà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò gbà, wọ́n dà sí títì, NLC, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti gbogbo nǹkan pa, wọ́n pe ìjà náà ní Occupy Nigeria, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 16 oṣù yẹn ìjọba ti fà á padà sí ₦97. Àwọn ẹgbẹ́ alátakò ìgbà yẹn, títí kan Bola Tinubu fúnra ẹ̀ tó jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ ACN, ta ko yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ gidi gan-an. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

January 2015, ìbò ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Jonathan gé epo láti ₦97 sí ₦87. Kí n má fi irọ́ bo òtítọ́, owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ lágbàáyé nígbà yẹn, ààyè wà láti gé e. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ò mọ ìdí tó fi jẹ́ pé oṣù yẹn gan-an ni wọ́n rántí. Buhari dé, May 2016, ọdún kan péré lẹ́yìn tó gorí àlééfà, epo di ₦145, kò sí rògbòdìyàn tó tó ti 2012 torí àwọn èèyàn ṣì gbà á gbọ́. Láti ìgbà yẹn, ₦145 yẹn ò mì mọ́. Náírà já, epo rọ̀bì gòkè, ₦145 ṣì ni, títí tí wọ́n fi dìbò 2019 tán, títí wọ 2020. Ta ló ń san ìyókù? Àpò gbogbo wa ni, owó tó yẹ kó ṣe títì, kó ra oògùn sí ọsibítù, ibẹ̀ ló ń lọ.

Èyí tó wá yé mi jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti 2022. August 2021, Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí epo rọ̀bì, ìyẹn PIA, tó sọ pé ọjà ló yẹ kó máa pinnu iye epo. Mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, Zainab Ahmed, jáde ní November ọdún yẹn, ó ní sọ́bsídì máa lọ ní 2022, pé ìjọba máa máa fún àwọn tálákà ní ₦5,000 lóṣù fún owó ọkọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. January 2022 ni wọ́n bá yí ohùn padà, wọ́n ní àwọn máa sún un síwájú fún oṣù 18. Ẹ ka oṣù 18 láti January 2022, ẹ wo ibi tó máa bọ́ sí: àárín ọdún 2023, lẹ́yìn ìbò, lẹ́yìn tí Buhari bá ti gbéjọba sílẹ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì 2023 náà, ₦3.36 tírílíọ̀nù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún sọ́bsídì, ó sì parí ní June. Ó mọ ibẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ kan fún July. Ìjọba tó ń lọ gbé iná náà ka ẹnu ọ̀nà ìjọba tó ń bọ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí Tinubu wá dúró ní Eagle Square ní ọjọ́ 29 May 2023 tó ní sọ́bsídì ti lọ, ọ̀pọ̀ wa rò pé àdábọwọ́ ni. Kì í ṣe àdábọwọ́, gbogbo àwọn tó gbápòtí tó lẹ́nu nínú ìbò yẹn, òun, Atiku àti Peter Obi, ló ti sọ pé àwọn máa yọ ọ́. Èyí tó jẹ́ òṣèlú ni pé ọjọ́ kìíní ló mú. Ọdún mẹ́rin gbáko wà níwájú ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè fi ìbò bá a wí. Láàárín ọjọ́ méjì, epo tó wà ní nǹkan bíi ₦185 ti ń lọ sí ₦500, July ó di ₦617, nígbà tó fi máa di October 2024 ó ti lé ní ₦1,000. Ohun tó tiẹ̀ dùn mí níbẹ̀ ni pé torí wọ́n ti sún un títí, méjèèjì ló bọ́ lù wá pa pọ̀: ọjọ́ 14 June 2023, CBN, ìyẹn báǹkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, tún tú okùn ọrùn náírà, dọ́là tí wọ́n ń fi dandan dì mú ní nǹkan bíi ₦470, ó ti kọjá ₦1,500 kó tó di ìparí February 2024. Ká ní wọ́n ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láti 2016 nígbà tí epo rọ̀bì pọ̀ lọ́jà tó sì rọjú, ìyà ò ní pọ̀ tó báyìí. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ìyà díẹ̀díẹ̀ yẹn á dé orí ìbò, kò sì sí olóṣèlú tó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá ní kí àwọn ìpínlẹ̀ gba owó ìtura. August 2023, ₦5 bílíọ̀nù fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, apá kan ẹ̀ ẹ̀bùn, apá kan gbèsè. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in: Ọ̀yọ́ tó ní Ìbàdàn nínú gba iye kan náà pẹ̀lú Bayelsa tí èèyàn ibẹ̀ ò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ pé ìyà ni wọ́n wọ̀n, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Gómìnà ni wọ́n kà.

Àwọn kan á ní epo nìyẹn, pé owó náírà fúnra ẹ̀ wà lọ́wọ́ CBN, pé òfin ọdún 2007 fún CBN lómìnira, òṣèlú ò lè débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, a wà nílé yìí ní 2023. Gómìnà CBN, Godwin Emefiele, ó ṣì wà lórí ipò ní 2022 nígbà tí wọ́n ra fọ́ọ̀mù ààrẹ fún un nínú APC, ó tiẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun du ipò náà láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò bọ́ sí i. October ọdún yẹn ló kéde pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Gbèdéke: ọjọ́ 31 January 2023. Ìbò ààrẹ: ọjọ́ 25 February. Buhari náà sọ ọ́ gbangba pé lára ìdí ni láti dá ríra ìbò dúró, ìyẹn ni pé wọn ò tiẹ̀ fi òṣèlú tó wà níbẹ̀ pamọ́. Tinubu ní Abẹ́òkúta fárígá pé òun ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀wọ́n epo àti náírà tuntun yìí dí lọ́wọ́.

Àwa tá a wà láàárín ńkọ́? Mo rí ìyá kan ní Bódìjà lóṣù February yẹn, tòmátò ẹ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀, omi ti ń sun nídìí apẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà dúró níwájú ẹ̀, wọ́n lówó ní báǹkì, wọn ò lówó lọ́wọ́, tíránsífà ń yí, kò wọlé, ìyá yẹn ò sì lè ta tòmátò láwìn fún gbogbo ayé. Àwọn oní-POS ń gé owó lórí owó. Ìfẹ̀hónúhàn bẹ́ sílẹ̀ n'Ìbàdàn yìí, wọ́n dáná sí títì. Àwọn gómìnà Kaduna, Kogi àti Zamfara, APC bíi ti Buhari ni gbogbo wọn o, ni wọ́n gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ọjọ́ 3 March ni ìdájọ́ dé pé kí owó àtijọ́ máa bá ìnáwó lọ títí di ìparí 2023. Ìbò ààrẹ ti kọjá lọ́sẹ̀ kan. Òní, owó àtijọ́ yẹn wà nínú àpò yín, tuntun náà wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ní kí n sọ èrè tí ọrọ̀ ajé rí nínú gbogbo wàhálà yẹn, mi ò rí i.

Ọ̀rọ̀ VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra nǹkan ₦1,000 ní Mọ́kọ́lá tí VAT wà lórí ẹ̀, ₦75 lẹ fi kún un, torí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. ₦75 yẹn ń lọ sápò kan, wọ́n á wá pín in. Nínú ìpín ti àwọn ìpínlẹ̀, fọ́múlà àtijọ́ ni pé ìdajì ni wọ́n máa pín dọ́gbadọ́gba, ìdá 30 nítorí iye èèyàn, ìdá 20 nítorí ibi tí owó ti wá. Ìjà wá wà lórí “ibi tí owó ti wá” yìí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ mu ní Mọ́kọ́lá, Èkó ni ọ́fíìsì àgbà ẹ̀ wà, Èkó ló ti ń san VAT ẹ̀, torí náà Èkó ni wọ́n máa ń ka ₦75 yín sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mu ún, ẹ̀yin lẹ sanwó, Èkó ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹ̀ sí.

Ìgbìmọ̀ tí Tinubu gbé kalẹ̀ ní 2023, tí Taiwo Oyedele jẹ́ alága ẹ̀, dábàá pé kí wọ́n máa ka VAT sí ibi tí wọ́n ti jẹ ọjà náà, kí ìdá yẹn sì kúrò ní 20 bọ́ sí 60. Wọ́n tún fẹ́ kí VAT fúnra ẹ̀ gòkè lọ sí 10, kó máa gùn lọ títí dé 15. October 2024 ni ààrẹ fi àwọn àbá òfin náà ránṣẹ́ sílé aṣòfin. Kò pé oṣù kan tí àwọn gómìnà Àríwá fi pàdé ní Kaduna, wọ́n ní àwọn ò gbà, pé àwọn ló máa pàdánù. Ọjọ́ 31 October, ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè tí igbákejì ààrẹ ń darí ní kí wọ́n fa àbá náà sẹ́yìn kí ìjíròrò lè wà, ẹni tó sì bá àwọn oníròyìn sọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé ni gómìnà tiwa níbí l'Ọ́yọ̀ọ́, Ṣèyí Mákindé. Àwọn kan bú u n'Ìbàdàn pé kí ló kàn án pẹ̀lú àwọn ará Àríwá. Lójú tèmi, ìpinnu ìgbìmọ̀ ló kà jáde, Ọ̀yọ́ náà kì í sì í ṣe Èkó, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè iye tó máa kàn án kó tó fọwọ́ sí nǹkan.

Ààrẹ ò fà á sẹ́yìn. Àmọ́ January 2025, àwọn gómìnà jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ Oyedele, wọ́n jáde pẹ̀lú fọ́múlà tuntun: ìdá 50 fún dọ́gbadọ́gba, 30 fún ibi tí wọ́n ti jẹ ọjà, 20 fún iye èèyàn. Kí VAT má sì gòkè mọ́, kó dúró sí 7.5. Ilé aṣòfin gbà, Tinubu fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 26 June 2025, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026. Ẹ bi ara yín: ta ló ṣe ìṣirò tó fi hàn pé 60 burú, pé 30 ló dáa? Kò sẹ́ni tó ṣe é. 30 jẹ́ ibi tí ọwọ́ ti bọ ọwọ́. Mi ò sọ pé ó burú o, nígbà mìíràn èyí tí gbogbo èèyàn lè gbà yẹn ló sàn ju èyí tó dáa lórí ìwé tí kò ní sẹ́ni tó máa tẹ̀ lé e. Mo kàn fẹ́ ká mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó bá mọ ìtàn Ìbàdàn mọ̀ pé èyí kì í ṣe àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Òjétúnjí Abọ́yadé, ọmọ Àwẹ́, ọ̀kan nínú àwọn òléwájú nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní UI, ìyẹn Yunifásítì Ìbàdàn, òun ni ìjọba ológun fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó máa wo bí wọ́n ṣe ń pín owó orílẹ̀-èdè ní 1977. Wọ́n ṣiṣẹ́ náà bí onímọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbé ìlànà márùn-ún kalẹ̀, wọ́n wo bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń sapá pawó fúnra ẹ̀, bó ṣe ń ná an, bó ṣe lè lo èyí tí wọ́n bá fún un. Ìjọba ológun gbà á. Ó dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin ìpìlẹ̀ fún ìjọba alágbádá tó ń bọ̀ ní 1978, wọ́n dà á nù. Kí ni ẹ̀sùn ẹ̀? Pé ìṣirò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Iṣẹ́ náà ò níṣòro míì, àfi pé kò sí olóṣèlú tó lè wò ó kó sọ fún àwọn èèyàn ẹ̀ pé iye báyìí ló kàn yín. Láti ìgbà yẹn títí di òní, NISER, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọrọ̀ ajé ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Ọjọ́ọ̀, UI wà níbẹ̀, àbá wọn pọ̀ lọ súà, àwọn olóṣèlú ń mú èyí tó bá bá ìgbà wọn mu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo ilé n'Ìbàdàn ni ti kòkó. Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó nígbà Western Region, òun ló ń dá iye lé e fún àgbẹ̀, iye yẹn sì kéré sí èyí tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Èyí tó ṣẹ́ kù wọlé sápò ìjọba. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ January 1955 jáde látinú ọrọ̀ kòkó, Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ jáde níbẹ̀, mo dúpẹ́ lórí méjèèjì torí àwọn òbí wa wà lára àwọn tó jẹ àǹfààní. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker ní 1962 tún fi hàn pé lára owó bọ́ọ̀dù náà gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan lọ sápò ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà níjọba. Àgbẹ̀ tó gbin kòkó ò sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu èyíkéyìí nínú ẹ̀. Nígbà tó di 1968, owó orí tún ń le sí i, iye kòkó ò dáa, àwọn ológun ló wà níjọba, kò sí ìbò tí àgbẹ̀ lè fi sọ̀rọ̀, Àgbẹ̀kọ̀yà, ìyẹn ìjà àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú ìjọba, bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya wọ gbọ̀ngàn Mápó, lọ́dún kejì wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi láti kó àwọn èèyàn wọn jáde, ẹ̀mí ṣòfò. Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà Adéòyè tó jẹ́ olórí wọn sọ̀rọ̀, ìjọba dín owó orí kù.

Ohun tó ń jẹ́ kí n máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹni tó wà níbi tí wọ́n ti ń dúnàádúrà ló ń rí jẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní NLC, òun ni wọ́n fi ṣe ₦70,000 owó oṣù tó kéré jù ní July 2024, Ọ̀yọ́ tiẹ̀ fi kún un di ₦80,000. Ó dáa, ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n télọ̀ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, alágbàṣe, ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Òjé, dírẹ́bà màíkírà, ẹlẹ́ran ní Bódìjà, wọn ò sí nínú ₦80,000 kankan, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ló ń ra epo, tí wọ́n ń san VAT. Wọ́n pọ̀ n'Ìbàdàn ju òṣìṣẹ́ Sẹkitéríàtì lọ fíìfíì. Ọjọ́ ìbò nìkan ni wọ́n ń rántí wọn, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni kì í sẹ́ni tó ń bi olùdíje léèrè ohun tó máa ṣe sí owó orí tàbí sí dọ́là, ìrẹsì ló wà nílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó ń bọ̀, ó wà nínú òfin owó orí tuntun yẹn fúnra ẹ̀. Wọ́n fi owó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún síbẹ̀ lórí epo bíi bẹntiróòlù àti dísù, kò kan kẹrosín àti gáàsì ìdáná. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí òfin yòókù bẹ̀rẹ̀, torí òfin ní ó dìgbà tí mínísítà ètò ìnáwó bá pàṣẹ, tí wọ́n sì tẹ àṣẹ náà sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba. September 2025, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fárígá, Wale Edun tó jẹ́ mínísítà nígbà náà ní kò sí ètò láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí. Mo gbà á gbọ́. Ìbò 2027 ló wà níwájú, mi ò rò pé olóṣèlú kankan máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ fi kún owó epo kí wọ́n tó dìbò. Ẹni tó bá ń ṣọ́ gásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn ìbúra ni kó tẹjú mọ́ ọn, kí ẹni tó bá sì ń bọ̀ wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín ní Mápó sọ fún yín kó tó gorí ọkọ̀ bóyá òun máa fọwọ́ sí i tàbí òun ò ní fọwọ́ sí i.